Bartolomé de las Casas: Àlùfáà Tí Ìwé Síráákì Dá Lẹ́jọ́

Nígbà tí Póòpù Francis fi ìwé Laudato Si' ránṣẹ́ sí gbogbo Ìjọ ní ọdún 2015, tí ó sì là á yé wa pé igbe ilẹ̀ àti igbe tálákà kò yàtọ̀ sí ara wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ẹ̀kọ́ tuntun ni ó dé. Ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni. Ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, àlùfáà kan ní erékùṣù Kúbà ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ọwọ́ kan náà tí ń hú òkè tí ó sì ń da odò rú nítorí wúrà ni ó ń sin ọmọ ẹni ẹlẹ́ni sínú ilẹ̀. Orúkọ àlùfáà náà ni Bartolomé de las Casas. Àwọn kan ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn, àwọn mìíràn ń bú u títí di òní, ìhà méjèèjì sì ní ìdí tiwọn, nítorí pé ìtàn rẹ̀ kò funfun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìlú Seville ní orílẹ̀-èdè Spéìnì ni a ti bí i ní ọdún 1484. Oníṣòwò ni Pedro, bàbá rẹ̀. Bartolomé kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí Christopher Columbus padà dé láti òkè òkun ní ọdún 1493, tí ó kó àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ tuntun náà àti àwọn ẹyẹ odídẹ aláwọ̀ mèremère gba ìgboro Seville kọjá kí gbogbo ayé lè wò wọ́n. Pedro bá Columbus lọ ní ìrìn àjò rẹ̀ kejì lọ́dún yẹn, nígbà tí ó sì darí dé, ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́wọ́ láti inú ẹ̀yà Taíno, ó fi ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ. Ní ọdún 1500, Ọbabìnrin Isabella pàṣẹ pé kí a dá irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ padà sí ilẹ̀ wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì bá ọkọ̀ lọ. Pé a fi ènìyàn ta ènìyàn lọ́rẹ bí ẹni fi àkùkọ tọrẹ, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní kàyéfì nígbà náà.

Ní ọdún 1502, Bartolomé fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀, ó tẹ̀lé gómìnà tuntun, Nicolás de Ovando, lọ sí erékùṣù Hispaniola, níbi tí orílẹ̀-èdè Haiti àti Dominican Republic wà lónìí. Oko àti wúrà ló gbé e lọ, a kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́. Ó gba ilẹ̀, ó bá àwọn ọmọ ogun jáde, ó sì gba ènìyàn. Àwọn ará Spéìnì ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní encomienda. Ìjọba á ka iye ọmọ ìbílẹ̀ kan fún ará Spéìnì kan, wọn á máa ṣiṣẹ́ fún un nínú oko àti níbi ìwakùsà wúrà, òun náà á sì máa kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ Krístì. Lórí ìwé, iṣẹ́ àánú ni. Nínú ìṣe, oko ẹrú ni, àyàfi pé a kì í ná owó rà wọ́n, ìdí nìyẹn tí ikú wọn kò fi dun olówó wọn tó ikú ẹṣin rẹ̀.

Láàrin gbogbo èyí ni ó di àlùfáà. Ní ọdún 1510 ni ó kọrin Mísà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Concepción de la Vega, ní erékùṣù Hispaniola kan náà. Ó gba oyè mímọ́, ṣùgbọ́n kò jọ̀wọ́ àwọn ènìyàn tí ń sìnrú fún un. Lọ́dún yẹn náà ni àwọn Dominikani àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Santo Domingo, ẹgbẹ́ oníwàásù kan náà tí a mọ̀ ní Yaba ní Èkó àti ní Ìbàdàn lóde òní. Wọ́n ń gbé nínú ahéré, wọ́n ń jẹ ohun díẹ̀ tí wọ́n bá rí, wọ́n sì ń wo ohun tí ń lọ. Ní ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó papọ̀, wọ́n jọ kọ ìwàásù kan, gbogbo wọn fi ọwọ́ sí i, wọ́n sì yan Fáda Antonio de Montesinos pé kí ó lọ sọ ọ́. Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin Àdífẹ́ńtì ni, ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, ọdún 1511. Diego, ọmọ Columbus, tí ó jẹ́ gómìnà nígbà náà, wà ní ìjókòó pẹ̀lú àwọn èèkàn ìlú. Montesinos sọ fún wọn pé inú ẹ̀ṣẹ̀ ikú ni gbogbo wọn wà nítorí ìwà ìkà tí wọ́n ń hù sí àwọn ọmọ ìbílẹ̀, ó bi wọ́n léèrè ẹ̀tọ́ tí wọ́n fi ń mú wọn sìn, àti bóyá àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ènìyàn tí ó ní ọkàn. Wọ́n fi ìbínú lọ bá àwọn fáda nílé, wọ́n ní kí ó wá kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀ náà, Montesinos tún gun orí àga ìwàásù, ó fi kún un, ó sì ní àwọn kò ní gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ́.

Àkọsílẹ̀ las Casas ni a fi mọ ìwàásù yìí lónìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná, kò gbà á. Ó lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn Dominikani náà, ẹni yẹn kọ̀ láti dá a sílẹ̀ nítorí àwọn ènìyàn tí ó mú sìn. Ó bá fáda náà jiyàn, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Kúbà ló lọ. Diego Velázquez ni ó ṣáájú àwọn tí ó lọ gba erékùṣù náà, las Casas sì jẹ́ àlùfáà àwọn ọmọ ogun. Ní ọdún 1512, wọ́n mú Hatuey, ìjòyè kan tí ó sá kúrò ní Hispaniola wá sí Kúbà nítorí wọn. Las Casas kọ ọ́ pé Hatuey ti fi apẹ̀rẹ̀ wúrà kan han àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ní ọlọ́run tí àwọn àjèjì ń sìn nìyí. Nígbà tí wọ́n so ó mọ́ òpó láti sun ún, fáda kan bá a sọ̀rọ̀ ọ̀run rere. Hatuey bèèrè bóyá àwọn ará Spéìnì ń lọ síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ẹni rere inú wọn ń lọ. Ó ní kí wọ́n kúkú jẹ́ kí òun lọ sí ọ̀run àpáàdì.

Ní ọdún 1513, wọ́n dé abúlé Caonao. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ogun ti dúró ní ojú ìṣàn odò kan tí ó ti gbẹ, wọ́n pọ́n idà wọn lórí òkúta ibẹ̀. Àwọn ará abúlé jókòó, wọ́n ti gbé ẹja àti àkàrà ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ fún àlejò. Ẹnìkan fa idà yọ láìsí ẹni tí ó mọ ìdí, ìyókù tẹ̀lé e. Las Casas sáré síhìn-ín sọ́hùn-ún láti gba àwọn tí ó lè gbà là, àwọn tí ó rí gbà kò tó nǹkan. Ẹ̀yin òǹkàwé wa lè rò pé ọjọ́ yẹn ni ó yí padà. Rárá o. Lẹ́yìn èyí, Velázquez fún òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Pedro de la Rentería ní ilẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́bàá odò Arimao, ó gbà wọ́n, ó kó díẹ̀ nínú wọn lọ wa wúrà, ó sì ń rí èrè. Ọ̀gá tí kì í lu ènìyàn ni. Ó ro ara rẹ̀ sí ẹni rere, níbẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà.

Ọdún Pẹ́ńtíkọ́sì 1514 ń bọ̀, wọ́n ní kí ó wá ṣe Mísà kí ó sì wàásù fún àwọn ará Spéìnì tí ó tẹ̀dó sí Sancti Spíritus. Bí ó ti ń múra ìwàásù sílẹ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sórí orí 34 Ìwé Síráákì, níbi tí ọlọ́gbọ́n náà ti kìlọ̀ fún ẹni tí ń mú ohun tí a fi èrú gbà wá sórí pẹpẹ, tí ó sì pe ẹni tí ó gba oúnjẹ lẹ́nu tálákà ní apànìyàn. Ó kà á, ó tún un kà. Oúnjẹ rẹ̀, aṣọ rẹ̀, owó búrẹ́dì àti wáìnì tí ń lọ sórí pẹpẹ, láti inú òógùn àwọn ènìyàn odò Arimao ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ó rántí fáda tí ó kọ̀ láti dá a sílẹ̀. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé, ìwé kò sì gbè é.

Ó tọ Velázquez lọ, ó ní òun fẹ́ dá àwọn ènìyàn òun padà. Velázquez rò pé orí rẹ̀ ti dàrú, ó fún un ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti tún inú rò. Las Casas ní kí gómìnà ka ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà sí èyí tí ó ti kọjá. Ohun tí ó nira jù nínú ọ̀ràn náà ni pé ó mọ̀ dájú pé ẹlòmíràn tí ó le ju òun lọ ni a ó kó àwọn ènìyàn náà fún, wọ́n á sì kú lọ́wọ́ onítọ̀hún. Síbẹ̀ ó mọ̀ pé òun kò lè dúró lórí pẹpẹ kí òun sọ fún àwọn mìíràn pé kí wọ́n jọ̀wọ́ ènìyàn nígbà tí tòun wà lọ́wọ́ òun. Ní ọjọ́ Ìgbàsókè Màríà Wúńdíá, ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, ọdún 1514, ó sọ ọ́ ní gbangba nínú ìwàásù. Ẹnu ya àwọn ènìyàn, àfi bí ẹni pé ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi ẹran ṣiṣẹ́ lóko.

Rentería kò sí nílé nígbà náà, ó lọ ra ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ ní Jàmáíkà. Nígbà tí ó padà dé, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì rí i pé Ọlọ́run ti bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí òun náà ti ń gbèrò láti lọ bẹ ọba kí ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọmọ àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Wọ́n ta ẹrù Jàmáíkà náà, owó rẹ̀ ni las Casas fi wọ ọkọ̀ lọ sí Spéìnì ní ọdún 1515.

Ẹjọ́ tí ó gbé lọ síwájú ọba jinlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ pàṣán àti idà lọ, a ó dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ó ti kíyèsí bí ilẹ̀ náà ṣe ń kú pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ebè ni àwọn Taíno ń kọ láti gbin ẹ̀gẹ́ àti ọ̀dùnkún. Ẹ̀gẹ́ kan náà tí a fi ń din gàrí nílé wa, ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn apá ibẹ̀ ni ó ti wá. Nígbà tí a kó àwọn ọkùnrin lọ sí ibi ìwakùsà fún oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, tí wọ́n ń hú òkè, tí wọ́n ń ru erùpẹ̀ lọ fọ̀ nínú odò, àwọn obìnrin nìkan ló kù láti kọ ebè fún oko ọ̀gá. Ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù tí a kó wá láti Spéìnì ń jẹ ìyókù ohun ọ̀gbìn. Ebi mú ìyá, wàrà gbẹ lọ́mú rẹ̀, ọmọ kú. Las Casas kọ ọ́ pé láàrin oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, lójú òun, ju 7,000 ọmọdé lọ ni ó kú báyìí ní Kúbà. Nígbà tí ó ròyìn irú ikú yìí fún Bíṣọ́ọ̀bù Fonseca, tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wà lọ́wọ́ rẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù náà bi í léèrè ohun tí èyí kan òun. Kádínà Cisneros ni ó gbọ́ tirẹ̀, ó sì fi í jẹ oyè Alábòójútó àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ní ọdún 1516.

Ó tún kọ̀wé nípa àwọn tí ń wa péálì ní etí òkun Venezuela. Ní erékùṣù kékeré Cubagua, tí kò ní omi mímu tirẹ̀, a ń ju àwọn ọmọ ìbílẹ̀ sínú ibú láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láti já ìkarahun tí péálì wà nínú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sinmi díẹ̀ létí ọkọ̀, a ó fi irun orí rẹ̀ tì í padà sísàlẹ̀. Ẹja apànìyàn pa àwọn kan, òtútù àti àìmí pa àwọn mìíràn, ẹ̀jẹ̀ ń tẹnu wọn jáde. Wọ́n wa ìkarahun náà títí ó fi tán nínú òkun. Ìjì run ìlú tí àwọn ará Spéìnì kọ́ sí Cubagua ní ọdún 1541, kò sì sí ohun tí ó tó kí ènìyàn padà wá kọ́ ọ nítorí rẹ̀.

Níbí ni a ti dé apá ìtàn náà tí ó kan àwa aláwọ̀ dúdú. Nínú ìwé tí ó kọ sí ìjọba ní ọdún 1516, àti lẹ́yìn náà ní 1518, las Casas dábàá pé kí a jẹ́ kí àwọn ará Spéìnì kó ẹrú wá, títí kan àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, kí ìyà lè fò lórí àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Òwò yìí ti wà kí ó tó sọ̀rọ̀. Ẹrú aláwọ̀ dúdú ti wà ní Hispaniola ṣáájú, àwọn mìíràn náà sì ń béèrè ohun kan náà lọ́dọ̀ ọba. Síbẹ̀, òun náà sọ ọ́, orúkọ Alábòójútó wà lórí ìmọ̀ràn náà. Ní ọdún 1518, Ọba Charles fún ìjòyè ààfin rẹ̀ kan ní ìwé àṣẹ láti kó 4,000 ọmọ Áfíríkà lọ sí àwọn erékùṣù náà, ìjòyè náà sì ta ìwé àṣẹ ọ̀hún fún àwọn oníṣòwò. Ọkùnrin tí Ìwé Síráákì la ojú rẹ̀ ní Kúbà ṣì ní ojú kan tí kò ríran.

Kò pẹ́ tí ó fi ṣubú. Ó gba ilẹ̀ ní Cumaná láti fi hàn pé a lè gbé láàrin àwọn ọmọ ìbílẹ̀ láìlo idà. Àwọn àgbẹ̀ tí ó kó lọ sá mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn akónilẹ́rú láti Cubagua da ibẹ̀ rú, nígbà tí ó sì di ọdún 1522, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí inú ń bí kọlu ibẹ̀, wọ́n pa ènìyàn. Ó padà sí Santo Domingo, ó sì di Dominikani. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, a kò gbúròó rẹ̀ púpọ̀. Ìwé ló ń kà, ìtàn ló ń kọ.

Ní ọdún 1537, òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ bá gómìnà Guatemala ṣe àdéhùn pé kí ọmọ ogun kankan má ṣe wọ agbègbè Tuzulutlán, tí a ń pè ní ilẹ̀ ogun. Wọ́n sọ ìtàn ìgbàlà di orin ní èdè ìlú náà, wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí ń ná ọjà kiri, àwọn yẹn kọ ọ́ fún àwọn ìjòyè, àwọn ìjòyè sì ránṣẹ́ pe àwọn fáda fúnra wọn. Verapaz, ìyẹn àlàáfíà tòótọ́, ni orúkọ ibẹ̀ di títí di òní. Lọ́dún kan náà, Póòpù Pọ́ọ̀lù Kẹta gbé ìwé Sublimis Deus jáde, ó là á sílẹ̀ pé ènìyàn gidi ni àwọn ọmọ ìbílẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ gba òmìnira tàbí ohun ìní wọn lọ́wọ́ wọn, ìbáà jẹ́ pé wọn kò tíì gba ìgbàgbọ́. Ìwé yìí wà lára èyí tí Róòmù tọ́ka sí nígbà tí ó kọ ẹ̀kọ́ tí a fi dá gbígba ilẹ̀ onílẹ̀ láre ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, ọdún 2023.

Òfin Tuntun jáde ní ọdún 1542, ó fi òpin sí kíkó àwọn ọmọ ìbílẹ̀ lẹ́rú, ó sì ní kí encomienda má ṣe jẹ́ ogún fún ọmọ mọ́. Ní ọdún 1544 a fi las Casas jẹ bíṣọ́ọ̀bù Chiapas ní gúúsù Mẹ́síkò. Ó ti kọ Cuzco, tí ó lọ́rọ̀ jù ú lọ. Ní àkókò Lẹ́ńtì ọdún 1545, ó gba àṣẹ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ púpọ̀ nínú àwọn àlùfáà rẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni tí kò bá tú ẹrú rẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì dá ohun tí ó gbà lọ́wọ́ wọn padà kò gbọdọ̀ rí ìdáríjì gbà. Àwọn àlùfáà tí ń ka ìwé yìí yóò mọ bí ìyẹn ti wúwo tó: ìlú odindi fẹ́ ṣe ọdún Àjíǹde, bíṣọ́ọ̀bù sì ti ilẹ̀kùn. Igbákejì rẹ̀ nínú kàtídírà dá àwọn kan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù ní kí a mú un wá, àwọn ará ìlú fi ohun ìjà ya wọ ilé rẹ̀. Wọ́n dáwọ́ ọrẹ dúró fún àwọn Dominikani, kí ebi lè lé wọn lọ. Ní Peru, wọ́n ṣọ̀tẹ̀ sí Òfin Tuntun títí wọ́n fi pa aṣojú ọba, ọba sì ti fa apá ogún inú òfin náà yọ ní ọdún 1545. Las Casas padà sí Spéìnì ní 1547, kò sì tún rí Chiapas mọ́.

Ní Valladolid, ní ọdún 1550 sí 1551, ọba pe àwọn amòfin àti àwọn onímọ̀ nípa Ọlọ́run jọ kí wọ́n gbọ́ àríyànjiyàn láàrin las Casas àti Juan Ginés de Sepúlveda, tí ó ní àwọn kan wà tí a dá láti sìn, tí ó sì tọ́ láti fi ogun tẹ̀ wọ́n lórí ba kí ìwàásù tó dé. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni las Casas fi ka èsì rẹ̀. Àwọn onídàájọ́ kò gbé ìdájọ́ kankan jáde.

Láàrin àwọn ọdún yìí ni ojú rẹ̀ kejì là. Nígbà tí ó ń kọ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn ilẹ̀ náà, ó ka àkọsílẹ̀ àwọn ará Portugal fúnra wọn nípa bí wọ́n ṣe ń já wọ etí òkun Áfíríkà. Ó kà nípa ọdún 1444 ní ìlú Lagos ti Portugal, kì í ṣe Èkó tiwa, níbi tí a ti pín àwọn tí a kó dé, tí a já ìyá gbà lọ́wọ́ ọmọ. Kò rí ogun òdodo kankan níbẹ̀, olè àti ìpànìyàn ló rí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé náà pé ìmọ̀ràn tí òun fúnra òun dá ní ọjọ́sí kò tọ̀nà, pé ẹ̀tọ́ tí ó wà fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ni ó wà fún aláwọ̀ dúdú, àti pé kò dá òun lójú pé àìmọ̀ òun yóò gba òun là níwájú ìtẹ́ ìdájọ́ Ọlọ́run. Nínú gbogbo ohun tí ó kọ, àwọn ojú ewé yìí ni mo kà sí pàtàkì jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ńlá a máa ronú pìwà dà lórí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1552 ó tẹ ìwé kékeré rẹ̀ lórí ìparun àwọn erékùṣù náà jáde ní Seville, èyí ni ó gba gbogbo Yúróòpù kan. Ṣùgbọ́n ìwé ńlá náà, níbi tí ìjẹ́wọ́ rẹ̀ lórí àwọn aláwọ̀ dúdú wà, ó fi sí ọwọ́ àwọn Dominikani ti Valladolid ní ọdún 1559, ó ní kí wọ́n má ṣe tẹ̀ ẹ́ títí ogójì ọdún yóò fi kọjá. Ó kú ní Madrid ní oṣù Keje, ọdún 1566, ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.

Ogójì ọdún náà kọjá, ìwé kò jáde. Ọdún 1875 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní Madrid. Ní àkókò yẹn, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé ti wó, a ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí, lọ sí oko ìrèké ní Kúbà, ní erékùṣù tí las Casas ti kọ́kọ́ tú àwọn tirẹ̀ sílẹ̀. Ọdún 1886 ni òfin tó dá gbogbo ẹrú sílẹ̀ níbẹ̀.